Joseph Priestley àti Afẹ́fẹ́ Ìyè

Ní ọdún 1733 ni a bí Joseph Priestley nítòsí Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníwàásù ni, ṣùgbọ́n ìwádìí ìjìnlẹ̀ gbà á lọ́kàn púpọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá da ìgò bo àbẹ́là tí ń jó, kì í pẹ́ tí iná rẹ̀ fi ń kú. Bí a bá sì dà á bo èkúté, òun náà yóò kú. Ní ọdún 1771, ó fi ẹ̀ka ewé mínti sínú irú afẹ́fẹ́ tí ó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àbẹ́là tún lè jó nínú rẹ̀, èkúté sì lè mí. Báyìí ni ó fi hàn pé ewéko ní ń tún afẹ́fẹ́ ayé ṣe. Ní ọdún 1774, ó yọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sọ́tọ̀.

Síbẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọdún 1791, nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ àti nítorí pé ó fara mọ́ ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé, àwọn jàǹdùkú Birmingham dáná sun ilé rẹ̀, tòun ti ìwé àti ohun èlò ìwádìí rẹ̀. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1794, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1804.

Lónìí, bí àwọn onímọ̀ ti ń wá ayé mìíràn tí ẹ̀dá lè gbé, ọ́síjìn wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ilé Priestley jóná, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò jóná.