Julius Maggi, Ẹni Tí Orúkọ Rẹ̀ Wà Nínú Ìkòkò Wa

Ní sáà tó kọjá, mo se ẹ̀fọ́ rírò fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ní Yaba. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja. Mi ò fi ẹran sí i, mi ò fi edé sí i. Kó tó tọ́ ọ wò, ó bi mí pé irú mágì wo ni mo fi sè é. Mi ò mọ̀. Mo ti sọ bébà rẹ̀ nù. Ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n wádìí ẹni tó ni orúkọ náà.

Ní ọdún 1846 ni wọ́n bí Julius Maggi ní ìlú Frauenfeld, ní Switzerland. Láti Ítálì ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ní 1869, Julius gba ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń lọ ọkà ní Kemptthal. Nígbà náà, àwọn obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá, wọn kì í ráyè dáná, ẹran sì ju agbára wọn lọ. Dókítà Fridolin Schuler, tó ń bẹ ilé iṣẹ́ wò fún ìjọba, rí i pé ebi ń ba ara àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀wà àti àwọn irúgbìn bíi tirẹ̀ ló gbà pé ó lè dípò ẹran. Maggi bá wọn gbé ìyẹ̀fun ẹ̀wà jáde. Ní 1886, ó ṣe omi dúdú kan tó ń mú ọbẹ̀ dùn, láti ara ohun ọ̀gbìn. Ní 1908 ni kúùbù rẹ̀ dé. Ó kú ní 1912. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Nestlé ní 1947.

Oúnjẹ ẹni tí kò rí ẹran rà ni orúkọ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ orúkọ ènìyàn ti di ọ̀rọ̀ lásán lẹ́nu wa. Ní Tejúoṣó àti Mushin, mágì ni gbogbo kúùbù ń jẹ́, ẹni yòówù kó ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa mọ́.

Bébà rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Iyọ̀ àti sóyà kò ní wàhálà. E621 náà, láti ara ṣúgà ohun ọ̀gbìn ni wọ́n ti sábà ń ṣe é. E631 ni kí ẹ fura sí: ó lè wá láti ara ẹja tàbí ẹran, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rá adìyẹ tàbí ti màlúù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ kejì, irú àti iyọ̀ ni mo fi se òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi jẹ ẹ́ tán.