Àlùfáà Samuel Johnson, Ọmọ Ọba tí ó Ṣe Oníṣẹ́ Àlàáfíà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù mọ Àlùfáà Samuel Johnson sí ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Díẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó ṣe nítorí àlàáfíà ilẹ̀ wa yìí.

Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Ṣùgbọ́n ogun kò mọ ọmọ ọba: a mú baba rẹ̀, Henry Erúgúnjìnmí, lẹ́rú, a sì tà á; Sàró ni ó ti di òmìnira. Níbẹ̀, ní ìlú Hastings, ni a bí Samuel ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù, ọdún 1846. Ní ọdún 1858 ìdílé náà bá Àlùfáà David Hinderer, ará Jámánì, dé Ìbàdàn, baba sì ń ka Ìwé Mímọ́ fún àwọn ènìyàn. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Henry di Archdeacon, Nathaniel di àlùfáà, Obadiah sì di oníṣègùn.

Samuel kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Ó ṣe tíṣà àti katikíìsì ní Ìbàdàn, ó gba oyè díákónì ní ọdún 1880, ó sì gba ti àlùfáà ní ọdún 1888. Ní ọdún kan náà ni Lydia aya rẹ̀ kú.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Nòfẹ́ńbà, ọdún 1878, ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Àwọn ará Òkukù fi ilé baba wọn sílẹ̀, wọ́n sá wọ Ìkìrun. Kò pẹ́ tí ogun Kírìjí fi bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Ní ọdún 1881 Johnson gbé iṣẹ́ Aláàfin Adéyẹmí lọ bá Gómìnà ní Èkó. Ní ọdún 1886 òun àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó gbé ìwé àdéhùn láti àgọ́ dé àgọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí a tọ́ ní Ìbàdàn ni. Èkìtì ì bá kà á sí ọ̀tá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, àgọ́ Kírìjí tú.

Síbẹ̀ ọ̀ràn Ìlọrin kò tíì parí. Ó di ọdún 1893 kí àgọ́ Ìbàdàn tó kúrò ní Ìkìrun. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Òkukù padà sílé.

Johnson parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Ọjọ́ 29 oṣù Épírì, ọdún 1901, ni ó sùn nínú Olúwa ní Ọ̀yọ́, kò rí i ní títẹ̀. Obadiah arákùnrin rẹ̀ ṣa àwọn ìwé tí ó kù jọ, ó tún un kọ. Òun náà kú ní ọdún 1920, ìwé sì jáde ní ọdún 1921.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa. Ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ láàrin àgọ́ méjì ni a fi ń rántí rẹ̀. Alábùkún fún ni irú wọn.