Ajayi Crowther: Kí ló sọ ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú di bíṣọ́ọ̀bù?

Bí ẹ bá dárúkọ Samuel Ajayi Crowther, Bíbélì Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ wọ́n ti fi ọkùnrin yìí pààrọ̀ ẹṣin rí. Báwo wá ni ọmọ tí wọ́n ń tà bí ọjà ṣe di ẹni ńlá? Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ìgbé ayé rẹ̀ wò, torí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún òbí, fún olùkọ́ àti fún ẹni tó bá rò pé ayé òun ti bàjẹ́.

Ọmọ Òṣóògùn

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣóògùn, ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Àjàyí ni orúkọ tó mú wá látọ̀run, ìyẹn ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé.

Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà. Wọ́n kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ Àfálà àti àwọn àbúrò rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ya ìyá àti ọmọ nípa. Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin, ẹṣin ò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ni wọ́n bá dá ọmọ padà. Láti ọwọ́ kan dé òmíì, ayé sú u débi pé ó ń ro ikú. Èkó ni wọ́n ti wá tà á fáwọn Potogí.

Wọ́n gba ilé, wọ́n gba ẹbí, wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ nìkan ni wọn ò rí gbà.

Àǹfààní tó rí ní Sàró

Lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń dènà òwò ẹrú, gba ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí. Freetown ni wọ́n gbé wọn lọ. Níbẹ̀, àwọn oníwàásù fi Àjàyí sí ilé ẹ̀kọ́. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú.

Ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó sì di Samuel Crowther. Ní 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Asano, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ akónilẹ́rú bíi tirẹ̀, ló fẹ́ níyàwó. Ẹ ò rí i pé olùkọ́ àti alábàárìn rere náà lọ́wọ́ nínú ohun téèyàn ń dà?

Èdè ìyá di irinṣẹ́

Ní 1843, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní London. Ọdún yẹn náà ni ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Ní 1844, ó fi Yorùbá wàásù ní Freetown fáwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, tó parí láàárín àwọn ọdún 1880. Àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tí ẹ fi ń ka ìròyìn wa yìí, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Abẹ́òkúta ló wà lóṣù kẹjọ 1846 nígbà tí ìyá rẹ̀ wá bá a. Ọdún 25 ti kọjá! Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu. Ní 1848, Àfálà ṣèrìbọmi, ó ń jẹ́ Hannah.

Ọjọ́ ogbó ò rọrùn

Ní 1864, ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà. Àmọ́ àwọn òyìnbó oníwàásù nílẹ̀ Yorùbá ò fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Agbègbè odò Ọya ló ti lo agbára rẹ̀, láàárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀. Kò fìyẹn ṣe àwáwí: ó kọ́ nípa èdè Ígbò àti Núpé, ó sì kọ ìwé lé wọn lórí.

Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó oníwàásù dé, wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì fojú bàbá tó ti lé ní 80 ọdún gbolẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ tí wọ́n jọ wà sílẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú ní Èkó, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ọdún 2014 ni olórí ìjọ Áńgílíkà tó tọrọ àforíjì ní Canterbury lórí ìwà tí wọ́n hù sí i.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wò ó dáadáa. Ilé ló fún Àjàyí ní èdè, àjèjì ló fún un ní ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló so méjèèjì pọ̀. Ká ní ó ti gbàgbé èyí tó gbà lọ́wọ́ Àfálà ni, kí ni ì bá fi kọ ìwé wọ̀nyẹn? Èdè wo lẹ̀ ń bá àwọn ọmọ yín sọ nílé báyìí?