Shizo Kanakuri, asáré-ìje tí oòrùn dá dúró lọ́nà

Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1891 ni wọ́n bí Shizo Kanakuri ní abúlé kan ní àgbègbè Kumamoto, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Jàpáànù. Ilé-ìwé jìnnà sí abúlé náà. Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń bọ̀, nǹkan bí 12 kìlómítà lójoojúmọ́, lórí ọ̀nà olókè. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà rìn ín, sísá ni wọ́n máa ń sá a. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní eré sísá nígbà náà. Ọ̀nà ilé-ìwé ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ sí Tokyo, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Jigoro Kano, ẹni tí ó dá ìjàkadì judo sílẹ̀. Kano wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò Ìdíje Òlíńpíìkì fún gbogbo ayé, ó sì fẹ́ kí Jàpáànù lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1911, wọ́n ṣe ìje láti yan ẹni tí yóò lọ. Kanakuri sá nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú-àáyá 45. Bí ìwọ̀n ọ̀nà náà bá pé, kò tíì sí ẹni tí ó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí pé yóò borí.

Owó ìrìn-àjò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn olùkọ́ ni ó dá owó jọ fún un. Ó yẹ kí a rántí ọ̀rọ̀ owó yìí, nítorí ẹrù tí ó wúwo ni ó gbé lé èjìká ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Àwọn eléré ìdárayá méjì péré ni Jàpáànù rán lọ: òun àti Yahiko Mishima, tí ó ń sá eré ọ̀nà kúkúrú. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé Rọ́ṣíà, wọ́n wá wọ ọkọ̀ ojú irin la ilẹ̀ Rọ́ṣíà já. Ìrìn-àjò náà gbà wọ́n ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró ní ibùdókọ̀, wọn a sọ̀kalẹ̀, wọn a sáré díẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má baà kú.

Wọ́n dé Stockholm, olú-ìlú Swídìn, nínú oṣù tí òru kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣú níbẹ̀. Kanakuri kò rí oorun sùn dáadáa. Oúnjẹ ibẹ̀ ṣàjèjì sí i. Olùkọ́ni tí ó bá wọn lọ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, àìsàn náà sì dá a dùbúlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bàtà tí Kanakuri ní sì jẹ́ bàtà aṣọ ilẹ̀ wọn, tí ó ya àtàǹpàkò sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ yòókù. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀nà Swídìn sì le.

Ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1912 ni ìje ọ̀nà jíjìn náà, tí wọ́n ń pè ní máratọ́ọ̀nù. Ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 40 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi sí, oòrùn sì mú ju bí àwọn ará ìlú náà ti mọ̀ ọ́n lọ. Ooru ọjọ́ náà kọjá ìwọ̀n 30 ti Celsius, ibòji kò sì tó nǹkan lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, ara rẹ̀ ń gbóná láti inú. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀. Bí òógùn bá ń jáde tí omi kò sì wọlé, omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa dín kù, ara kò ní lè lé ooru jáde mọ́, orí yóò máa yí, ẹsẹ̀ yóò sì kọ̀. Àwọn asáré ayé ìgbà náà kò mọ èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé omi mímu lójú ìje ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ.

Ó lé ní 60 ènìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìje náà. Nǹkan bí ìdajì wọn ni kò parí rẹ̀. Francisco Lázaro, káfíńtà kan láti Pọ́túgàl, ṣubú lẹ́yìn tí ó ti kọjá ìdajì ọ̀nà, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ìròyìn sọ pé ó ti fi ọ̀rá para kí oòrùn má baà jó o, ọ̀rá náà sì dí ọ̀nà òógùn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú nítorí ìje nínú Òlíńpíìkì ayé òde òní. Ken McArthur ti Gúúsù Áfríkà ni ó gba ipò kìíní.

Ní ti Kanakuri, ó sá dé ìwọ̀n kìlómítà 27, ní agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Sollentuna. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Ìdílé kan jókòó nínú ọgbà ilé wọn lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì yà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fún un ní omi èso mu, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìje ti parí. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí ìgboro. Ó yẹ kí ó lọ sọ fún àwọn tí ó ṣètò ìje náà pé òun ti dúró lọ́nà, ṣùgbọ́n kò lọ. Nítorí náà, ó bẹ̀rẹ̀ ìje, kò parí, kò sì sí ẹni tí ó rí àkọsílẹ̀ pé ó kúrò níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Swídìn, ó di ẹni tí ó sọnù.

Ìtìjú ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Mishima náà kò gba ipò kankan. Kí ni yóò sọ fún àwọn tí ó dá owó? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tí ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Ó kọ ọ́ pé ìjákulẹ̀ náà dun òun dé ọkàn, àti pé òun gbọ́dọ̀ nu ìtìjú náà nù lọ́jọ́ kan. Kò di ẹ̀bi náà ru oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò dì í ru olùkọ́ni tí ń ṣàìsàn. Òmíràn ìbá ti jáwọ́ nínú eré sísá láti ọjọ́ náà.

Ohun tí ó ṣe nígbà tí ó padà délé ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó mú àwọn ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ooru ni àkọ́kọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lọ sí etí òkun Tateyama, ó sì ń sáré níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, láìdé fìlà, kí ara rẹ̀ lè mọ oòrùn. Ó lọ bá ẹni tí ń rán bàtà aṣọ náà ní Tokyo, àwọn méjèèjì sì ń tún un ṣe títí wọ́n fi fi rọ́bà sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1919, nínú ooru, òun àti asáré mìíràn sáré láti Shimonoseki dé Tokyo, ọ̀nà tí ó ju 1,000 kìlómítà lọ, ní nǹkan bí 20 ọjọ́.

Àǹfààní àtisan gbèsè náà kò tètè dé. Ogun àgbáyé kìíní kò jẹ́ kí Òlíńpíìkì ọdún 1916 wáyé, ní àkókò tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Ní ọdún 1920, ní ìlú Antwerp, ó parí ìje, ó sì gba ipò 16. Ní Paris, ní ọdún 1924, kò parí. Kò gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì rárá ní gbogbo ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun kan ní Stockholm tí ó ju ọ̀rọ̀ bàtà àti ooru lọ: ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé ìrètí gbogbo ìlú. Bí asáré bá pọ̀, tí wọ́n sì jọ ń dàgbà, ẹnì kan lè ṣubú kí òmíràn máa bá a lọ. Ní ọdún 1917, wọ́n ṣe ìje kan láti Kyoto dé Tokyo, nǹkan bí 500 kìlómítà, tọ̀sán tòru. Asáré kan yóò sá dé ibì kan, yóò sì bọ́ ọ̀já tí ó gbé kọ́ èjìká fún ẹni tí ó kàn. Kanakuri ni ó sá apá ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ tí ó borí. Láti ibẹ̀ ni òun àti àwọn mìíràn ti ronú kan ìje irú rẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún 1920, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré ni ó kópa nínú rẹ̀, láti Tokyo lọ sí òkè Hakone àti padà. Lónìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdọọdún, àìmọye ènìyàn ní Jàpáànù ni ó ń wo ìje Hakone náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe jẹun, ó sì sapá kí àwọn ọmọbìnrin náà lè máa ṣe eré ìdárayá ní ilé-ìwé.

Ní ọdún 1967, àwọn ará Swídìn ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ti rí i pé asáré wọn tí ó sọnù ṣì wà láàyè, wọ́n sì fẹ́ kí ó wá parí ìje rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún 75. Nínú oṣù kẹta, ó dé pápá ìṣeré Stockholm, ó wọ ẹ̀wù òtútù lé aṣọ rẹ̀, ó rọra sáré ìwọ̀nba díẹ̀, ó sì fi àyà já okùn òpin ìje. Wọ́n kéde àkókò rẹ̀: ọdún 54, oṣù 8, ọjọ́ 6, wákàtí 5, ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20.3. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fèsì pé ọ̀nà náà gùn, pé lójú ọ̀nà ni òun ti gbéyàwó, tí òun bí ọmọ mẹ́fà, tí òun sì ní ọmọ-ọmọ mẹ́wàá.

Shizo Kanakuri kú ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1983, ní ẹni ọdún 92. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń fi ife-ẹ̀yẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dá asáré tí ó ta yọ jù lọ nínú ìje Hakone lọ́lá.