Harry Hess: Ọ̀gákọ̀ ojú ogun tó sọ òkè abẹ́ òkun lórúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Harry Hammond Hess, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe nígbà tó rí àwọn òkè kan nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ.

Ìlú New York ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún, ọdún 1906. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale, ó lo ọdún méjì ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Zambia lónìí, níbi tó ti ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Princeton lọ́dún 1932, ibẹ̀ náà ló sì ti di olùkọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta.

Nígbà tí Japan kọlu Pearl Harbor ní ìparí ọdún 1941, wọ́n pe Hess sójú ogun. Nígbà tó yá, ó di ọ̀gá ọkọ̀ ogun USS Cape Johnson, tó ń kó àwọn ọmọ ogun lọ sí etíkun àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Ọkọ̀ náà ní ẹ̀rọ kan tó ń rán ìró sínú omi, tó sì ń fi àkókò tí ìró náà fi padà wá mọ bí omi ṣe jìn tó. Tọ̀sán-tòru ni Hess fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn òkè tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tí orí ọ̀pọ̀ wọn sì wà nísàlẹ̀ omi ní ìwọ̀n tó ju kìlómítà kan lọ.

Lọ́dún 1946, ó ròyìn bí i 160 irú òkè bẹ́ẹ̀. Guyot ló pè wọ́n, ní ìrántí Arnold Guyot, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ múlẹ̀ ní Princeton, tó sì kú lọ́dún 1884.

Hess gbà pé erékùṣù ni wọ́n rí láyé àtijọ́, pé ìgbì ló gé orí wọn, àti pé ẹrẹ̀ tó kún ìsàlẹ̀ òkun ló mú kí omi bò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn wa àpáta láti orí àwọn òkè náà lọ́dún 1950, wọ́n rí i pé ọjọ́ orí wọn kéré púpọ̀ sí èyí tí Hess fojú bù.

Hess kò bá wọn jiyàn. Ó tún èrò rẹ̀ pa. Lọ́dún 1962, ó tẹ àlàyé tuntun jáde: àpáta gbígbóná ń yọ láti ìsàlẹ̀ láàárín òkun, ó ń di ilẹ̀ tuntun, ilẹ̀ náà sì ń sún lọ sí ọ̀tún àti òsì, títí yóò fi rì padà sínú kòtò jíjìn. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń sún lọ síbi tó jìn ni àwọn òkè orí rẹ̀ ń rì pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Áfíríkà ṣe yapa kúrò lára Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ ti fi Alfred Wegener, ọmọ Jámánì, ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó sọ lọ́dún 1912 pé ilẹ̀ ayé ń rìn. Hess fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún òǹkàwé pé kí wọ́n ka àlàyé òun sí ewì. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀, ẹ̀rí láti inú òkun gbè é lẹ́yìn.

Ọlọ́jọ́ dé ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1969, níbi tí Hess ti ń darí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Woods Hole. Lónìí, Hess Deep ni wọ́n ń pe ọ̀gbun kan ní ìlà-oòrùn Pàsífíìkì. Ẹni tó sọ òkè abẹ́ òkun lórúkọ, òkun náà sì ti gba orúkọ tirẹ̀ mọ́ra.