Samuel Àjàyí Crowther: Bíṣọ́ọ̀bù tí àwọn míṣọ́nnárì fẹ́ràn ṣùgbọ́n tí wọn kò fọkàn tán

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ CMS ṣe ìpàdé kan ní Onitsha, létí odò Ọya. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó ti dá àwọn òjíṣẹ́ ìjọ tó jẹ́ adúláwọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, lójú Bíṣọ́ọ̀bù wọn. Dandeson, ọmọ bíbí Bíṣọ́ọ̀bù náà, wà lára wọn.

Samuel Àjàyí Crowther ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí àṣẹ tí wọ́n ń lò, ó sì yọwọ́ nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ẹgbẹ́ CMS yìí kan náà ló tọ́ ọ dàgbà. Ní ọdún 1821 ni àwọn jagunjagun kó òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ní ọdún 1822, ó sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ọ ní ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n sì ṣèrìbọmi fún un ní 1825. Ní 1864, wọ́n fi í joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS, ló dúró gbọin lẹ́yìn rẹ̀. Venn kú ní 1873.

Crowther fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin kéèyàn fẹ́ràn ọmọnìkejì àti kó fọkàn tán an. Ní 1867, Abokko, ìjòyè kan nítòsí Idah tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mú un nígbèkùn, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lokoja lọ gbà á sílẹ̀, ọfà bà á, ó sì kú. Crowther ti ibùdó Idah, ṣùgbọ́n kò pa iṣẹ́ odò Ọya tì.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àfàìmọ̀ ni kò fi fọkàn tán wọn jù. Agbègbè náà fẹ̀, Èkó ni ilé rẹ̀ wà, àwọn kan sì hùwà tí kò yẹ òjíṣẹ́ Ọlọ́run lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó wá ṣèwádìí kò mọ ti ẹlẹ́ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ti aláìṣẹ̀. Gbogbo adúláwọ̀ ni wọ́n fura sí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìfẹ́ wọn kì í ṣe ẹ̀tàn. Méjì nínú àwọn aṣáájú wọn, Robinson àti Brooke, kú sẹ́nu iṣẹ́ náà kó tó pé ọdún méjì lẹ́yìn ìpàdé ọ̀hún. Wọ́n lè kú nítorí adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àkóso ìjọ lé e lọ́wọ́ ni wọn kò lè ṣe.

Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891. Òyìnbó kan, Joseph Sidney Hill, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1892, àwọn ìjọ Bonny àti agbègbè Delta, tí Dandeson ń darí, kúrò lábẹ́ àkóso CMS, wọ́n sì ń gbọ́ bùkátà ara wọn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, tó pé 150 ọdún tí Crowther joyè, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, tọrọ àforíjì ní Canterbury lórí ohun tí ìjọ ṣe fún un.