FÁGÚNWÀ, ẸNI TÍ Ó FI OHÙN PAMỌ́ SÍNÚ ÌWÉ

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, etí ni àwọn baba wa fi ń gba ìtàn. A lè bẹ̀rù pé bí kálàmù bá gba iṣẹ́ ẹnu, ohùn yóò parun. Olóògbé D. O. Fágúnwà ni ó fi hàn wá pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Òkè-Igbó ni a bí i sí l'ọ́dún 1903. Àwọn òbí rẹ̀ gba ìgbàgbọ́ Kristi, wọ́n sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. L'ọ́dún 1926 ó wọ Kọ́lẹ́jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. N'ígbà tí ó parí l'ọ́dún 1929, ó di olùkọ́ n'íbẹ̀.

L'ọ́dún 1938 ni C.M.S. tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, èyíinì ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Fágúnwà kò jẹ́ kí ìwé náà yadi. Bàbá arúgbó kan ni ó tọ òǹkọ̀wé wá, tí ó ní kí ó mú kálàmù àti tákàdá, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Ìtàn náà di ohun tí èrò ń pé jọ gbọ́. Òǹkọ̀wé fi í wé ìlù, ó sì fi àwa òǹkàwé ṣe oníjó. Ó ń to ọ̀rọ̀ l'órí ọ̀rọ̀, tí ìró kan ń tẹ̀lé èkejì bí omele ti ń tẹ̀lé ìyáàlù. Àní nínú àwọn ọdẹ tí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó, Olóhùn-iyọ̀ wà n'íbẹ̀, ẹni tí orin àti ìlù jẹ́ agbára rẹ̀. Nítorínáà, bí ọmọ ilé-ìwé bá ka ìwé yìí sókè, ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀wé yóò gbádùn rẹ̀ bí ẹni tí a ń pàlọ́ fún.

Ìwé ìtàn mẹ́rin mìíràn tẹ̀lé e, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì jáde l'ọ́dún 1961. L'óṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1963, omi gbé e lọ l'ẹ́bàá Bida. L'ọ́dún 1968 Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn náà kọjá òkun. Ṣùgbọ́n òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn Yorùbá kò lè bá a lọ tán. Ọ̀dọ̀ wa ni ó kù sí.

Ẹ̀yin ará, bí ìwé Fágúnwà bá wà n'ílé yín, ẹ má ṣe fi ojú nìkan kà á. Ẹ pe àwọn ọmọ jókòó l'álẹ́, kí ẹ kà á sókè sí wọn l'étí. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé yóò wà n'ílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tí ó fi pamọ́ sínú rẹ̀ yóò kú mọ́ wa l'ọ́wọ́.